Hollerith, ọmọ àjèjì tó sọ kíkà di owó

Nílé wa, a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ohun tí ìyá mi fi tọ́ mi nìyẹn, mo sì gbé e wọ Amẹ́ríkà. Nígbà tí fọ́ọ̀mù ìkànìyàn ọdún 2010 dé ilé wa ní Fort Washington níbí, ènìyàn mẹ́fà là ń sùn nínú ilé, mẹ́rin ni mo kọ. Àbúrò mi tí ìwé rẹ̀ ò tíì jáde, mo fi í pamọ́. Ọmọ ọwọ́ wa náà, mo fi í pamọ́. Mo rò pé ọgbọ́n ni mo gbọ́n. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan tó ti kú láti ọdún 1929 ló wá là mí lójú, ìtàn rẹ̀ ni mo sì fẹ́ sọ fún yín lónìí.

Ẹ ti ń gbọ́ tí àwọn oníṣòwò ń pariwo big data. Kì í ṣe dátà tí à ń rà sórí fóònù o. Àkọsílẹ̀ nípa ènìyàn rẹpẹtẹ ni, ibi tí wọ́n ń gbé, ohun tí wọ́n ń rà, ìgbà tí wọ́n ń rà á, tí ẹ̀rọ wá ń tú palẹ̀ kí ọlọ́jà lè mọ ibi tí ọjà yóò ti tà. Ọ̀pọ̀ wa rò pé Google àti Facebook ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Rárá o. Washington tí à ń sáré lọ ṣiṣẹ́ láràárọ̀ yìí ló ti bẹ̀rẹ̀, láyé ìgbà tí ẹṣin ṣì ń fa kẹ̀kẹ́ láàárín ìlú.

Herman Hollerith ni orúkọ ọkùnrin náà. Buffalo ní ìpínlẹ̀ New York ni wọ́n ti bí i, lọ́jọ́ 29 oṣù kejì ọdún 1860. Ọmọ àjèjì bíi tàwọn ọmọ tiwa ni, Jámánì ni bàbá àti ìyá rẹ̀ ti wá. Bàbá kú nígbà tó ṣì kéré, ìyá rẹ̀ ló sì ń ṣe fìlà obìnrin tà láti fi bọ́ wọn. Sípẹ́lì ò wọ̀ ọ́ lágbárí rárá, ó sì ń sá fún un nílé ìwé, títí tí ìyá rẹ̀ fi mú un kúrò níbẹ̀ tó wá olùkọ́ fún un. Síbẹ̀, ọmọ ọdún 19 péré ni nígbà tó jáde ní Columbia lọ́dún 1879, tó gboyè nínú iṣẹ́ ìwakùsà.

Olùkọ́ rẹ̀ kan ló mú un wá sí Washington, níbi tí wọ́n ti fẹ́ ṣe ìkànìyàn ọdún 1880. Àwọn ènìyàn Amẹ́ríkà ti tó mílíọ̀nù 50 nígbà yẹn, ọwọ́ lásán làwọn akọ̀wé sì fi ń kà wọ́n, wọ́n ń fa ìlà kọ̀ọ̀kan sórí ìwé. Nǹkan bí ọdún 7 sí 8 ni wọ́n fi ṣe é kí wọ́n tó parí. Ọdún 10-10 sì ni òfin ní kí wọ́n máa kà! Dókítà John Shaw Billings, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá ibẹ̀, ló sọ fún un pé ó yẹ kí ẹ̀rọ lè ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lọ́kàn ọmọkùnrin yìí mọ́.

Ó lọ ṣe olùkọ́ díẹ̀ ní MIT, kò gbádùn ẹ̀, ó padà sí Washington. Lọ́jọ́ kan tó wọ ọkọ̀ ojú irin, ó rí bí ẹni tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò ṣe ń lu ihò sí i láti fi júwe èrò kọ̀ọ̀kan: irú irun tó ní, bí ojú rẹ̀ ṣe rí, kí ẹlòmíì má baà jí tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lò. Hollerith ní àṣírí tú. Ẹnì kọ̀ọ̀kan, káàdì kọ̀ọ̀kan. Ihò kan fún ọkùnrin tàbí obìnrin, ihò kan fún ọjọ́ orí, ihò kan fún ìlú tí wọ́n ti bí bàbá rẹ̀. Tí wọ́n bá gbé káàdì sínú ẹ̀rọ, abẹ́rẹ́ á gba inú ihò kọjá bọ́ sínú mákúrì, iná á tàn kọjá, ọwọ́ aago kan á sún síwájú lẹ́ẹ̀kan. Ó parí.

Baltimore ní Maryland wa níbí ló ti kọ́kọ́ dán an wò, lórí àkọsílẹ̀ àwọn tó kú. Nígbà tí wọ́n wá fi òun àti àwọn méjì míì díje, wákàtí 5 ààbọ̀ ló fi ṣe ìṣirò tí àwọn yòókù fi wákàtí 44 ààbọ̀ àti 55 ààbọ̀ ṣe. Òun ló gba iṣẹ́ ìkànìyàn 1890. Láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, wọ́n ti mọ̀ pé ènìyàn tó wà nílẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 62.

Àmọ́ ẹ gbọ́ o, ọdún 10 kan ju ọdún 10 kan lọ. Tí wọ́n bá kà tán, kí lẹ̀rọ á máa jẹ? Ó gba ọ̀dọ̀ àwọn oníṣòwò lọ. Ilé-iṣẹ́ rélùwéè New York Central ń kọ ìwé ẹrù tó tó mílíọ̀nù mẹ́rin lọ́dún. Ẹ̀rọ náà ò kọ́kọ́ tẹ́ wọn lọ́rùn, torí pé ó ń kà ni, kò lè ro iye owó pọ̀. Hollerith tún un ṣe kó lè máa ròpọ̀. Ibi tọ́rọ̀ ti dùn nìyí: káàdì kan náà tó sọ iye ẹrù, tí ẹ bá tún un tò, á sọ ibi tẹ́rù ń lọ, á sì sọ ọ̀nà tó ń mówó wọlé. Ẹ ò tún un kọ, ìbéèrè nìkan lẹ pààrọ̀. Títí dòní, ohun tí big data ń ṣe náà nìyẹn. Ilé ìtajà ńlá Marshall Field ní Chicago náà wá gbà á.

Lọ́dún 1896 ló dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, Georgetown ló sì ti ń ṣe é. Kì í ta ẹ̀rọ, ó ń yá wọn lò ni, wọ́n sì gbọ́dọ̀ ra káàdì lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ ò rí i pé bí káàdì fóònù wa ló rí. Ṣùgbọ́n alágídí ni. Ìjọba ní owó tó ń gbà ti pọ̀ jù, òun náà ò sì dín in. Nígbà tó di nǹkan bí ọdún 1905, wọ́n pínyà, wọ́n lọ ṣe ẹ̀rọ tiwọn. Okùn tó fà jù ló já mọ́ ọn lọ́wọ́. Lọ́dún 1911, ó ta ilé-iṣẹ́ rẹ̀, ohun tó kàn án lé ní mílíọ̀nù kan dọ́là. Wọ́n pa á pọ̀ mọ́ àwọn míì, lọ́dún 1924 wọ́n wá sọ ọ́ ní IBM. Òun lọ ń sin màlúù. Oṣù kọkànlá ọdún 1929 ló kú, itẹ́ Oak Hill ní Georgetown ni wọ́n sin ín sí.

Ilé-iṣẹ́ ìkànìyàn tó bá a jà ti wà ní Suitland láti ọdún 1942, nínú Prince George's wa níbí. Ṣé ìbẹ̀rù mi wá jẹ́ ìbẹ̀rù asán? Kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Nígbà ogun, lọ́dún 1942 kan náà, wọ́n lo àkọsílẹ̀ yìí láti mọ àdúgbò tí àwọn ará Japan ń gbé. Lóde òní, òfin ní wọn ò gbọ́dọ̀ fi orúkọ ẹnikẹ́ni hàn kí ọdún 72 tó pé. Mo fi ojú méjèèjì wò ó. Àmọ́ ẹni tí kò sí nínú káàdì, kò sí lójú ẹni tó ń wá ibi tí yóò ṣí ṣọ́ọ̀bù sí, kò sì sí lójú ẹni tó ń pín owó ilé ìwé. Ara mi àti ọmọ mi ni mo yọ kúrò.

Nígbà tí ti 2020 dé, mo rí Nigerian lórí fọ́ọ̀mù, ìwé ìtọ́sọ́nà sì wà ní Yorùbá. Gbogbo wa pátá ni mo kọ. Ti 2030 ń bọ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń ta gàrí, èlùbọ́ àti iṣu, ẹ ò nílò ẹ̀rọ Hollerith. Ẹ ra ìwé kékeré kan. Ẹ kọ ọjọ́ tí iṣu tán, ẹ kọ ọjọ́ tó jẹrà, ẹ kọ ohun tí wọ́n béèrè tẹ́ ò ní. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ ṣí i, kí ẹ bi í léèrè. Ẹ fẹ́ rí ohun tó máa sọ.