Leo Kanner, Oníṣègùn Àwọn Ọmọ Tí A Pè Tí Wọn Kò Dáhùn

Ní ọdún 1894 ni a bí Leo Kanner, ọmọ Júù, ní Klekotów, ìletò kan lábẹ́ ìjọba Austria nígbà náà, tí ó wà ní ilẹ̀ Ukraine lónìí. Ó kọ́ ìṣègùn ní Berlin, ó rékọjá sí Amẹ́ríkà ní 1924, nígbà tí ó sì di 1930, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìtọ́jú ọpọlọ àwọn ọmọdé ní Johns Hopkins ní Baltimore.

Ìwà akọni ọkùnrin yìí wù wá. Ní 1942, nígbà tí oníṣègùn olókìkí kan ní Amẹ́ríkà ń wí pé kí a máa pa àwọn ọmọ tí ọpọlọ wọn kò pé, Kanner takò ó ní gbangba.

Ní 1943 ó kọ̀wé nípa ọmọ 11, ọkùnrin 8, obìnrin 3. Wọn kì í ṣe adití, síbẹ̀ a pè wọ́n, wọn kò wẹ̀yìn. Òmíràn há orin àti orúkọ sórí lọ́nà ìyanu, ṣùgbọ́n bí a bá sún àga kan kúrò ní ipò rẹ̀, ẹkún dé. Ipò yìí ni à ń pè ní ọ́tísíìmù. (Grunya Sukhareva, obìnrin oníṣègùn ní Moscow, ti ṣàpèjúwe irú wọn ní 1925, òkìkí kò tètè kàn án.)

Àbùkù kan wà tí a kò ní bò. Kanner kọ ọ́ pé àwọn òbí ọmọ wọ̀nyí kò lójú àánú, ọ̀pọ̀ ìyá sì ru ẹ̀bi tí kì í ṣe tiwọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 1969 ni ó tó dá wọn láre níwájú àpéjọ àwọn òbí.

Àwọn kan rò pé ọ̀ràn òyìnbó nìkan ni, àfi ìgbà tí Victor Lotter tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde ní 1978 lórí àwọn ọmọ Áfíríkà, ti Nàìjíríà àti Ghana pẹ̀lú.

Kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí í fi í hàn. Oníṣègùn a kọ́kọ́ yẹ etí ọmọ wò, a bi ìyá léèrè, a sì wo ọmọ bí ó ti ń ṣeré. Ará wa tí ó ń tọ́mọ nídìí àtẹ ní Petit Marché ní Niamey lè gbọ́ pé èdè Zarma, Haúsá, Faransé àti Yorùbá ni ó dì mọ́ ọmọ lẹ́nu. Ọ̀pọ̀ èdè kì í fa ọ́tísíìmù. Ẹ̀yin olùkọ́ àti òbí, ẹ wò ó: ǹjẹ́ ọmọ ọdún kan àbọ̀ ń fi ìka tọ́ka sí ohun tí ó wù ú? Ǹjẹ́ ó ń yíjú sí orúkọ rẹ̀? Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn, ẹ má dúró de ọdún márùn-ún.

Kanner kú ní 1981, ní ẹni ọdún 86.