John Herschel àti Agbo Ìràwọ̀ Oní-Ìdábùú: Ìtàn Ìgbésí-Ayé Onímọ̀ Ìràwọ̀ Kan

ÌFÁÀRÀ

Ní àárín oṣù Ọ̀pẹ, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́, ohun kan máa ń gba òkè orí àwọn ará Abúlé Ẹ̀gbá kọjá tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kì í rí. Iná mànàmáná Èkó kò jẹ́ kí ìràwọ̀ hàn dáadáa níbẹ̀ mọ́, ọyẹ́ a sì tún da ìbòjú bo èyí tí ó kù. Ṣùgbọ́n bí kò tilẹ̀ sí iná, tí kò sí ọyẹ́, ojú lásán kò lè ká ohun náà. Agbo ìràwọ̀ ni, irú èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní gálásì: àìmọye ìràwọ̀ tí wọ́n kóra jọ, tí wọ́n sì ń yí po àárín kan náà. NGC 1300 ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé àwọn onímọ̀. Ó jìnnà tó bẹ́ẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ fi ń lo ohun tí ó lé ní 60 mílíọ̀nù ọdún lójú ọ̀nà kí ó tó dé ilé ayé, bẹ́ẹ̀ ìmọ́lẹ̀ sì ni ohun tí eré rẹ̀ yá jù lọ láyé àti lọ́run.

Ẹni tí ó kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun rí i ni John Frederick William Herschel, orí ilẹ̀ Áfíríkà ni ó sì wà nígbà tí ó rí i. Ọjọ́ kọkànlá oṣù Kejìlá ọdún 1835 ni. Ní ilẹ̀ Yorùbá ní àkókò náà, nǹkan bí ọdún márùn-ún péré ni àwọn Ẹ̀gbá tíì lò ní Abẹ́òkúta, Ọ̀yọ́ Ilé sì ń tú lọ́wọ́. Díẹ̀ ni Herschel rí nínú ohun tí ó wà lójú ọ̀run ní alẹ́ náà. Èyí tí ó rí ni ó kọ, kò sì fi ìméfò kún un. Ibi tí iyì iṣẹ́ rẹ̀ wà nìyẹn, ibẹ̀ náà sì ni ìnira rẹ̀ wà.

ÌBÍ ÀTI ÌDÀGBÀ

Ìlú Slough ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ keje oṣù Kẹta ọdún 1792. Òun nìkan ni ọmọ tí William Herschel àti Mary ìyàwó rẹ̀ bí. Ọmọ ilẹ̀ Jámánì ni William. Olórin ni tẹ́lẹ̀, iṣẹ́ orin ni ó sì fi jẹun ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí ọ̀rọ̀ ìràwọ̀ tó gbà á lọ́kàn pátápátá. Òun ni ó rí plánẹ́ẹ̀tì Uranus ní 1781. Caroline, àbúrò rẹ̀ obìnrin, ni akọ̀wé rẹ̀. Bí ẹ̀gbọ́n bá ń wo awò lóru, tí ó ń ké ohun tí ó ń rí jáde, àbúrò a máa gbọ́, a sì máa kọ ọ́ sílẹ̀. Kì í ṣe akọ̀wé lásán o. Caroline fúnra rẹ̀ rí ìràwọ̀ onírù mẹ́jọ.

Nínú ọgbà ilé wọn ni awò awọ̀nàjíjìn kan wà tí gígùn rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 40, èyí tí ó tóbi jù lọ láyé nígbà náà. Lábẹ́ òjìji rẹ̀ ni ọmọ náà ti ń ṣeré. Bí ọmọ alágbẹ̀dẹ ti ń gbọ́ ìró owú kí ó tó mọ ọ̀rọ̀ sọ, bẹ́ẹ̀ ni John ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ìràwọ̀. Síbẹ̀, iṣẹ́ bàbá rẹ̀ kọ́ ni ó wù ú. Ẹ̀kọ́ ìṣirò ni ó kà ní Yunifásítì Cambridge, ipò kìíní ni ó sì mú nínú ìdánwò àṣekágbá ní 1813. Ó lọ sí London láti kọ́ òfin, ó fi í sílẹ̀. Ó tún kọjú sí ẹ̀kọ́ kẹ́míìsì.

Ní 1816, William ti ń súnmọ́ ẹni ọgọ́rin ọdún, kò sì lè dá ṣe iṣẹ́ rẹ̀ mọ́. John padà sílé. Kò rọrùn fún un láti fi Cambridge sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹlòmíràn tí iṣẹ́ náà lè bọ́ sí lọ́wọ́. Lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ ni ó ti kọ́ bí wọ́n ti ń ṣe dígí awò. Dígí ayé ìgbà náà kì í ṣe gíláàsì. Bàbà àti tánńganran ni wọ́n ń yọ́ pọ̀, tí wọ́n ń fi ọwọ́ dán títí yóò fi máa kọ mànà. Kò ní pẹ́ tí yóò fi tún ṣú, wọn a sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í dán an.

William kú ní 1822. Caroline padà sí ilẹ̀ Jámánì, ó sì ti lé ní àádọ́rin ọdún nígbà tí ó jókòó tí ó tún to gbogbo àkọsílẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nípa àwọn ìkùukùu ojú ọ̀run, kí ọmọ ẹ̀gbọ́n náà lè rí wọn wò lẹ́sẹẹsẹ. Bí kò bá sí ìwé yìí, iṣẹ́ John ì bá pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láti 1825 ni ó ti ń fi wọ́n wá àwọn ìkùukùu náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ó tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1833, ó lé ní 2,300 ìkùukùu tí ó wà nínú rẹ̀, 525 nínú wọn sì jẹ́ èyí tí bàbá rẹ̀ kò rí.

ÌRÌN-ÀJÒ SÍ GÚÚSÙ

Láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, apá kan ojú ọ̀run wà tí kò ní hàn láé, àfi kí ènìyàn kọjá sí gúúsù. Níwọ̀n ìgbà tí ìyá rẹ̀ wà láyé, John kò fẹ́ fi í sílẹ̀ lọ. Ìyá náà kú ní 1832. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1833, òun àti Margaret ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ wọn mẹ́ta wọ ọkọ̀ ojú omi, wọ́n sì gúnlẹ̀ sí Cape Town ní oṣù Kìíní ọdún 1834. Owó ara rẹ̀ ni ó ná. Kò fẹ́ kí ìjọba gbọ́ bùkátà ìrìn-àjò náà. Ilé kan tí wọ́n ń pè ní Feldhausen, ní ẹsẹ̀ Òkè Table, ni wọ́n gbé, nínú ọgbà ibẹ̀ ni wọ́n sì gbé awò ẹsẹ̀ bàtà 20 nàró sí.

Ilẹ̀ amúnisìn ni Cape nígbà náà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá ọdún 1834 ni òfin tú àwọn ẹrú ibẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n òfin kan náà ní kí wọ́n ṣì máa sin olówó wọn fún ọdún mẹ́rin sí i ní orúkọ iṣẹ́ kíkọ́. Herschel ti padà sílé kí ọdún mẹ́rin náà tó pé. Ó yẹ kí ẹni tí ó bá ń ka ìtàn ìràwọ̀ rẹ̀ rántí irú ilẹ̀ tí ó dúró lé.

Iṣẹ́ náà gba sùúrù. Wọn kì í fi awò lé ìràwọ̀ kiri. Ìhà kan ni wọ́n ń kọ awò náà sí, ọ̀run fúnra rẹ̀ ni ó sì ń yí kọjá níwájú rẹ̀. John Stone, mẹkáníìkì tí ó bá a wá láti ilé, a máa gbé ẹnu awò náà sókè sódò díẹ̀díẹ̀, Herschel a sì máa wo ohun tí ó bá bọ́ síbẹ̀. Ohun tí ó bá kọjá ti kọjá nìyẹn títí di alẹ́ mìíràn. Fún ọdún mẹ́rin ni ó ṣe é báyìí. Ó kọ nǹkan bí 1,700 ìkùukùu àti agbo ìràwọ̀ kéékèèké sílẹ̀, ó sì kọ ohun tí ó lé ní 2,100 ìràwọ̀ onímejì-méjì. Ó tún ka ìràwọ̀ lójú ọ̀run ní 2,299 ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ó ń kà wọ́n, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ 68,948. Lọ́sàn-án, òun àti Margaret a máa ya àwòrán òdòdó ilẹ̀ náà: ọkọ a fa ìlà, aya a kùn ún.

Àwọn tí ó wà nílé kò tilẹ̀ mọ ohun tí ó ń ṣe. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1835, ìwé ìròyìn kan ní New York gbé e jáde pé Herschel ti fi awò rẹ̀ rí àwọn ènìyàn abìyẹ́ bí àdán nínú òṣùpá. Irọ́ pátápátá ni, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì gbà á gbọ́. Ó kọ́kọ́ pa ọkùnrin náà lẹ́rìn-ín nígbà tí ó gbọ́. Lẹ́yìn-ò-rẹyìn, ìbéèrè àwọn ènìyàn sú u.

OHUN TÍ Ó RÍ GAN-AN

Oṣù mẹ́rin péré lẹ́yìn irọ́ yìí ni NGC 1300 bọ́ sí ẹnu awò, ní ìhà ojú ọ̀run tí wọ́n ń pè ní Eridanus, orúkọ odò kan nínú ìtàn àwọn ará Gíríìsì. Àkọsílẹ̀ tí ó ṣe nípa rẹ̀ kúrú: ìkùukùu tí ó mọ́lẹ̀ dáadáa, tí ó tóbi gidigidi, tí ó gùn tínrín, tí àárín rẹ̀ sì ṣàdédé mọ́lẹ̀ ju ẹ̀gbẹ́ lọ. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun gígùn tínrín yẹn ni ọ̀rọ̀ wà. Ọ̀pọ̀ agbo ìràwọ̀ ni ó ní apá tí ó ń yí bí ìkarahun ìgbín, láti àárín gan-an bọ̀ wá sí etí. Irú mìíràn wà tí àwọn apá rẹ̀ kì í bẹ̀rẹ̀ láti àárín. Ìràwọ̀ tò bí ọ̀pá gbọọrọ kan tí ó dábùú àárín agbo náà, orí ọ̀pá náà méjèèjì ni apá sì ti yọ, bí ẹni pé wọ́n so okùn kọ̀ọ̀kan mọ́ orí igi kan, tí wọ́n ń fi igi náà yí, tí okùn sì ń wọ́ tẹ̀lé e. Agbo ìràwọ̀ oní-ìdábùú nìyẹn. Àwọn ìràwọ̀ tí ó ti gbó, tí wọ́n pupa rẹ́súrẹ́sú, ni ó pọ̀ nínú ìdábùú. Àwọn ọ̀dọ́ ìràwọ̀ aláwọ̀ búlúù ni ó kún apá. Ìdábùú náà kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ lásán. Bí afẹ́fẹ́ àti ekuru tí ń yí lọ bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, wọn a kọlu ara wọn, eré wọn a dínkù, wọn a sì máa ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ sí àárín. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń di ìràwọ̀ tuntun.

Nínú NGC 1300, tí fífẹ̀ rẹ̀ lé ní 100,000 ọdún ìmọ́lẹ̀, èyíinì ni ìrìn tí ìmọ́lẹ̀ yóò fi 100,000 ọdún rìn, ìdábùú yìí hàn gbangba ju nínú ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ìdábùú náà ni ó bá àkọsílẹ̀ Herschel mu. Kò sí ọ̀rọ̀ apá kankan nínú rẹ̀. Apá kò mọ́lẹ̀ tó ìdábùú, dígí oníbàbà kò sì lágbára tó bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tí ó tíì mọ̀ nígbà náà pé ìkùukùu kankan ní apá. Ọdún 1845 ni ọlọ́lá kan ní ilẹ̀ Áílándì, Lord Rosse, fi awò tí ó tóbi ju ti Herschel lọ fíìfíì rí èyí àkọ́kọ́. Ní 1918, Heber Curtis ní Amẹ́ríkà ya àwọn oní-ìdábùú sọ́tọ̀. Ó fi wọ́n wé lẹ́tà Gíríìkì kan tí ó dà bí òrúka tí ọ̀pá gún láàárín. Edwin Hubble fi lẹ́tà SB ṣe àmì wọn ní 1926, lẹ́yìn tí òun fúnra rẹ̀ ti fi hàn pé àwọn ìkùukùu bẹ́ẹ̀ jìnnà réré sí àwọn ìràwọ̀ tí ó yí ayé ká. Ó ti tó 83 ọdún kí ohun tí Herschel rí tó ní orúkọ.

ÌPADÀBỌ̀ ÀTI ÌGBÀ OGBÓ

Kí ó tó kúrò ní Cape, Herschel bá àwọn aláṣẹ sọ̀rọ̀ lórí bí ó ṣe yẹ kí wọ́n to ilé-ìwé ìjọba, ìmọ̀ràn rẹ̀ sì wà nínú ohun tí wọ́n lò nígbà tí wọ́n dá ètò ẹ̀kọ́ tuntun sílẹ̀ ní 1839. Ó wọkọ̀ padà ní oṣù Kẹta ọdún 1838. Láti ìgbà náà, kò tún fi awò ṣe iṣẹ́ ńlá kankan mọ́. Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ni ó fi ṣírò, tí ó fi tò, kí ìwé àbájáde Cape tó jáde ní 1847. Caroline rí ìwé náà. Ó kú ní oṣù Kìíní ọdún 1848, ní ẹni ọdún 97.

Ó ṣe ohun mìíràn tí ó kan gbogbo ènìyàn. Kẹ́míkà tí ó dán wò ní ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ni ó sọ di ohun tí kì í jẹ́ kí fọ́tò parẹ́ nínú ìmọ́lẹ̀, ní 1839. Àwọn fọ́tò ojú ọ̀run tí Curtis àti Hubble gbẹ́kẹ̀ lé lẹ́yìn náà kò ní ṣeé ṣe láìsí irú kẹ́míkà bẹ́ẹ̀. Ní 1850, wọ́n fi í ṣe olórí ilé-iṣẹ́ tí ń rọ owó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Iṣẹ́ náà kò bá a lára mu. Àìsàn ni ó gbé e kúrò níbẹ̀ ní 1855. Síbẹ̀, ní 1864, ó tún kó gbogbo ìkùukùu tí bàbá rẹ̀, òun àti àwọn ẹlòmíràn rí jọ sínú ìwé kan: 5,079 ni wọ́n. Láti ara ìwé yìí ni J. L. E. Dreyer ti ṣe tirẹ̀ ní 1888, nínú èyí tí nọ́ńbà 1300 ti wá.

Ó kú ní ọjọ́ kọkànlá oṣù Karùn-ún ọdún 1871. Wọ́n sin ín sí Westminster Abbey, nítòsí Isaac Newton.

Ní 2005, àwọn onímọ̀ fi ìwọ̀n tuntun jẹ́rìí sí ohun tí wọ́n ti ń fura sí: Ọ̀nà Wàrà náà, agbo ìràwọ̀ tí ayé wà nínú rẹ̀, ní ìdábùú. Inú rẹ̀ ni Herschel jókòó sí nígbà tí ó ń ka 68,948 ìràwọ̀ yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Cape mọ òpó òkúta kan sí ibi tí awò rẹ̀ dúró sí. Inú ọgbà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Grove, ní Claremont, ni òpó náà wà.