Robert Boyle àti òdòdó tí ó ń yí àwọ̀ padà

Ní ọdún 1627, wọ́n bí ọmọkùnrin kan ní ìlú Lismore, ní orílẹ̀-èdè Ireland. Robert Boyle ni orúkọ rẹ̀. Bàbá rẹ̀ lówó, ó sì bímọ púpọ̀. Robert ni ọmọ kẹrìnlá. Ọmọ ọdún 3 ni nígbà tí ìyá rẹ̀ kú.

Akólòlò ni Robert. Bí ó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ a máa há sí i lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn ẹ̀kọ́ gan-an. Nígbà tí ó pé ọmọ ọdún 8, wọ́n rán an lọ sí ilé-ìwé Eton ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Robert dàgbà, ó ń gbé ní ìlú Oxford. Láyé ìgbà náà, ohun tí ìwé àtijọ́ bá ti sọ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbà. Robert ní tirẹ̀ a máa kọ́kọ́ dán nǹkan wò.

Ó fẹ́ mọ ohun tí ó kan yàtọ̀ sí ohun tí kò kan. Ṣé kí á fi ahọ́n tọ́ ọ wò ni? Ọsàn wẹ́wẹ́ kò léwu. Ṣùgbọ́n omi kíkan mìíràn le púpọ̀. Omi inú bátìrì ọkọ̀ lè jó ahọ́n, ó lè fọ́ ojú. Omi eérú tí a fi ń se ọṣẹ dúdú kò kan, ṣùgbọ́n òun náà lè jó ara.

Robert mú omi òdòdó kan tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí aró. Ó kán an sórí tákàdá funfun. Ó kán ohun kíkan sí i, ó di pupa. Ó kán omi eérú sí òmíràn, ó di àwọ̀ ewé. Ó dán ọ̀pọ̀ nǹkan wò bẹ́ẹ̀. Kò di dandan kí ó fi ahọ́n kàn wọ́n. Àwọ̀ òdòdó ni ó ń sọ fún un.

Ní ọdún 1664, ó kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹlòmíràn náà lè dán an wò. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, nítorí náà àwọn ẹlòmíràn máa ń bá a kọ̀wé. Ó kú ní London ní oṣù Kejìlá ọdún 1691. Títí di òní, àwọn olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ń lo tákàdá tí ó ń yí àwọ̀ padà.

Ẹ̀yin ọmọ Dowa, ẹ lè ṣe é pẹ̀lú olùkọ́ yín. Ẹ bu omi ìṣápá pupa, èyí tí a ń pè ní bísápù, sínú ife méjì. Kí ó má ní ṣúgà. Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú ife kìíní: yóò pọ́n sí i. Ẹ da omi ọṣẹ sínú ife kejì: pupa rẹ̀ yóò lọ. Ẹ wá fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú ife kejì yìí díẹ̀díẹ̀. Ọsàn yóò pa agbára ọṣẹ, pupa náà yóò sì padà. Ẹ má mu ún o!

Ìbéèrè
1. Ọdún wo ni wọ́n bí Robert Boyle?
2. Kí ni ohun kíkan ṣe sí omi òdòdó náà?
3. Kí ló dé tí kò yẹ kí á fi ahọ́n tọ́ omi tí a kò mọ̀ wò?