Tíṣà Tó Ní Kí Àwọn Ọmọ Fi Ẹsẹ̀ Kọrin

Ẹni tá a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe olóṣèlú, kì í sì í ṣe jagunjagun. Tíṣà orin ni. Émile Jaques-Dalcroze lorúkọ rẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló lé kiri ní gbogbo ayé rẹ̀: kí ló dé tí ọmọ á fi mọ orin, tí ohùn rẹ̀ á dùn, síbẹ̀ tí kò ní lè bá ìlù orin náà lọ déédéé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin? Ẹni tó bá ti gbọ́ bí àwọn ọmọ JSS 1 ṣe ń sáré lé orin ní asẹ́ḿbílì, tí àtẹ́wọ́ á ti parí kí ohùn tó débẹ̀, á mọ̀ pé ìbéèrè náà kì í ṣe kékeré.

Ìlú Vienna ní ilẹ̀ Austria ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ 6 oṣù Keje ọdún 1865, àmọ́ ọmọ Switzerland làwọn òbí rẹ̀. Aago ni bàbá rẹ̀ ń bá àwọn ilé-iṣẹ́ Switzerland tà. (Ẹ ò rí i? Ọmọ alágogo ló wá ń kọ́ ọmọdé bí ìlù ṣe ń lọ ṣékéṣéké!) Ìyá rẹ̀ ń kọ́ni ní orin. Ní 1875 wọ́n kó lọ sí Geneva. Émile Jaques lásán ló ń jẹ́ nígbà yẹn. Ó fi Dalcroze kún un nígbà tó yá, torí pé olórin kan wà ní ilẹ̀ Faransé tí orúkọ rẹ̀ jọ tirẹ̀ jù.

Ó kàwé orin ní Geneva, ó kà á ní Paris, ó tún padà sí Vienna lọ kà á. Láàárín ìyẹn, ní 1886, ó ríṣẹ́ igbákejì olùdarí àwọn olórin ní tíátà kan ní Algiers, ní Àríwá Áfíríkà. Ibẹ̀ ló ti gbọ́ orin àwọn Árábù, tí ìlù rẹ̀ ò pín sí méjì-méjì tàbí mẹ́rin-mẹ́rin bíi ti Yúróòpù, síbẹ̀ tí àwọn tó ń lù ú kì í ṣìnà. Ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lọ́kàn rẹ̀ mọ́.

Ní 1892 ilé-ẹ̀kọ́ orin gíga ti Geneva gbà á síṣẹ́, pé kó máa kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bí wọ́n ṣe ń to ohùn pọ̀. Àwọn tó bá níbẹ̀ kì í ṣe ọmọdé. Ìka wọn ń sáré lórí pìánò, wọ́n sì mọ òfin ìwé. Àmọ́ tí wọ́n bá kọ ohùn mẹ́ta-mẹ́rin pọ̀ sórí ìwé tán, ọ̀pọ̀ wọn ò lè gbọ́ ọ lọ́kàn. Tí wọ́n bá sì ń kọrin, àwọn kan á máa sáré, àwọn kan á máa fà sẹ́yìn. Ó wá rí ohun kan tó ti ń kọjá lójú gbogbo èèyàn látọjọ́ tó ti pẹ́: akẹ́kọ̀ọ́ tí kò lè bá ìlù lọ nínú kíláàsì, tó bá jáde, tó ń rìn lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lọ déédéé. Ẹnikẹ́ni ò bá a ka ení, èjì. Ìlù ti wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹnu àti ọwọ́ ni kò tíì gbọ́ ìròyìn.

Ló bá ní kí wọ́n dìde lórí àga, kí wọ́n máa rìn bí wọ́n ṣe ń kọrin. Kò pẹ́ tó fi rí i pé ìgbà tí wọ́n ti dàgbà ti pẹ́ jù, ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ló yẹ kí iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ó kọ orin fún wọn lóríṣiríṣi, pẹ̀lú ohun tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ á máa ṣe sí i.

Bó ṣe ń ṣe é rèé. Ọmọ á kọ́kọ́ máa rìn bó ṣe ń rìn nílé. Tíṣà ló máa fi pìánò tẹ̀lé ẹsẹ̀ ọmọ, kì í ṣe ọmọ ló máa sáré tẹ̀lé tíṣà. Ẹsẹ̀ ọmọdé kúrú, ìgbésẹ̀ rẹ̀ sì yá ju ti àgbà lọ. Tí àgbà bá fi ìwọ̀n tara rẹ̀ lé e lórí, ọmọ náà á máa takìtì lẹ́yìn orin ni. Nígbà tí ẹsẹ̀ bá ti mọ́nà, tíṣà á wá máa yí orin padà díẹ̀díẹ̀, ẹsẹ̀ á sì máa tẹ̀lé e. Tó bá ké hop, kí gbogbo wọn dúró, tàbí kí wọ́n sọ ìgbésẹ̀ kan di méjì.

Èyí tó wú wa lórí jù ni ti orin inú. Àwọn ọmọ á máa kọrin, wọ́n á máa rìn. Tíṣà á fún wọn ní àmì, ohùn á dákẹ́, àmọ́ ẹsẹ̀ ò ní dúró; oníkálukú á máa kọ orin náà lọ nínú ọkàn rẹ̀. Àmì kejì, gbogbo wọn á tún bú sórin. Ẹni tó bá ti sáré lọ́kàn á ti kọjá àwọn yòókù, ẹni tó fà sẹ́yìn náà á hàn. Kò sí pé à ń na ẹnikẹ́ni, kò sí pé à ń bú ẹnikẹ́ni. Ọmọ fúnra rẹ̀ á gbọ́ ibi tó ti ṣì í.

Ṣé wọ́n wá pàtẹ́wọ́ fún un ní Geneva? Rárá o. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga náà ò gbà kí eré ẹsẹ̀ yìí wọ inú ẹ̀kọ́ wọn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kì í wọ bàtà, aṣọ wọn ò dí apá àti ẹsẹ̀, àwọn ará ìlú sì ń sọ pé ìwà ìtìjú ni. Ìyá àgbà tó ń wo àwọn ọmọ níbi eré òṣùpá nílẹ̀ wa ò bá bi wọ́n pé kí lẹ rí tẹ́ ẹ fi ń pariwo. Jaques-Dalcroze ń kọ́ àwọn tó bá fẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́. Ní 1905 ó fi han àwọn tíṣà orin níbi ìpàdé wọn ní Solothurn, látìgbà náà lòkìkí rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kàn.

Ní 1910, ọmọ Jámánì kan tó ń jẹ́ Wolf Dohrn pè é wá sí Hellerau, lẹ́bàá Dresden, ó sì kọ́ ilé ńlá fún un níbẹ̀. Àwọn èèyàn ń ti orílẹ̀-èdè lóríṣiríṣi wá wò ó. Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀, Marie Rambert, ni wọ́n mú lọ ran àwọn oníjó Rọ́ṣíà lọ́wọ́ nígbà tí ìlù orin Stravinsky tuntun dà wọ́n lójú rú ní 1913. Ọdún yẹn náà ni wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní London.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni gbogbo rẹ̀ dàrú. Dohrn kú nínú ìjàǹbá lórí yìnyín. Ogun bẹ́ sílẹ̀. Àwọn ọmọ ogun Jámánì yìnbọn ńlá lu kàtídírà Reims ní ilẹ̀ Faransé, àwọn èèyàn ní Geneva sì kọ ìwé láti ta kò ó. Wọ́n gbé ìwé náà síwájú Jaques-Dalcroze. Ilẹ̀ Jámánì ni ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ wà. Ohun tó wà níbẹ̀ ni iṣẹ́ ọdún mẹ́rin àti àlá tí Geneva ò fún un láàyè rẹ̀. Ó buwọ́ lù ú. Inú bí àwọn ará Jámánì gidigidi, Hellerau sì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ títí ayé. Ọmọ ọdún 49 ni.

Geneva tí wọ́n ti fi ṣe yẹ̀yẹ́ náà ló padà sí. Ní 1915 wọ́n ṣí ilé-ẹ̀kọ́ tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ níbẹ̀. Ó ń kọ́ ọmọ, ó ń kọ́ tíṣà, ó ń kọ orin títí di ọjọ́ ogbó. Ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 1950 ló kú, ọjọ́ márùn-ún péré ló kù kó pé ọdún 85. Ilé-ẹ̀kọ́ náà ṣì wà ní Geneva di òní, àwọn ọmọ kéékèèké sì ṣì ń bọ́ bàtà sílẹ̀ níbẹ̀ kí orin tó bẹ̀rẹ̀.