Màdáàmù Àlímọ́tù Pẹlẹwúrà: Ìyá Ọlọ́jà Tó Kọ Owó-Orí Obìnrin

Ìtàn tí a mú wá fún yín lọ́tẹ̀ yìí, ìtàn ọlọ́jà bíi tiwa ni. Màdáàmù Àlímọ́tù Pẹlẹwúrà kò mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà, ṣùgbọ́n ìjọba òyìnbó mọ̀ ọ́n dáadáa.

Ọmọ Èkó ni. Ẹja ni ìyá rẹ̀ ń tà, òun náà sì gba òwò ẹja lọ́wọ́ ìyá. Ní ọdún 1910, Ọba Èṣùgbàyí Elékòó fi í joyè. Nígbà tó yá, àwọn ará ọjà Eréko yàn án ní alága wọn, ó sì di olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọjà Èkó. Herbert Macaulay wà lẹ́yìn wọn gbágbáágbá. Wọ́n ń dá owó jọ, wọ́n sì ń fi sanwó akọ̀wé àti lọ́yà. Ṣé ẹ rí i pé àdájọ owó kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láàárín wa?

Ní ọdún 1932, ìròyìn kan tàn kálẹ̀ pé ìjọba fẹ́ máa gba owó-orí lọ́wọ́ obìnrin. Àwọn obìnrin rán aṣojú lọ bá aláṣẹ Èkó, ó sì fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀ pé kò sí ohun tó jọ ọ́. Wọ́n padà sídìí ọjà.

Àṣé ọ̀rọ̀ kò tíì tán. Ní ọdún 1940, nígbà ogun Hítílà, òfin owó-orí tuntun jáde pé obìnrin tó bá ń rí ju £50 lọ lọ́dún gbọ́dọ̀ sanwó. Ogun ti dín ọjà kù nígbà yẹn, oúnjẹ ilé, aṣọ ọmọ àti owó ilé ìwé sì wà lọ́rùn ìyá. Èyí tó tún dùn wọ́n jù ni pé obìnrin kò ní ìbò. Ó ní kò tọ́ kí wọ́n gbowó lọ́wọ́ ẹni tí kò lẹ́nu nínú ìlú.

Ní ọjọ́ 16, oṣù Kejìlá, ọdún 1940, àwọn obìnrin rọ́ lọ sí ọ́fíìsì Kọmíṣọ́nnà ìjọba. Láti ibẹ̀ wọ́n lọ bá Macaulay, wọ́n sì tẹ̀ka sí ìwé ẹ̀bẹ̀. Wọ́n ti ọjà pa, wọ́n kóra jọ sí Gbọ̀ngàn Glover. Kò pẹ́ tí Gómìnà Bourdillon fi gbé iye náà kúrò ní £50 lọ sí £200. Òfin kò kúrò nílẹ̀ o, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba obìnrin díẹ̀ ló kù tó kàn.

Ogun ṣì ń lọ lọ́wọ́ nígbà tí ìjọba tún fi iye lé oúnjẹ lórí. Kápúténì Pullen ló ń bójú tó o. Iye tí wọ́n dá lé gàrí kò tó iye tí ọlọ́jà rà á. Wọ́n fi £100 lóṣù lọ Màdáàmù pé kó wá bá wọn ṣe é. Ẹ ro bí £100 ti pọ̀ tó láyé ìgbà yẹn! Ó kọ̀ ọ́. Ní ọdún 1945, ìjọba yọwọ́ nínú iye gàrí.

Ní ọdún 1950, obìnrin Èkó dìbò yan ìgbìmọ̀ ìlú. Màdáàmù kú ní ọdún 1951. Ogunlọ́gọ̀ èèyàn ló sin ín.

Kì í ṣe pé ó ní kí ẹnikẹ́ni má sanwó ìlú. Ohun tó béèrè ni pé kí wọ́n má gbowó-orí lọ́wọ́ obìnrin tí kò ní ìbò. Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá wa, bí agbowó bá dé ìsọ̀, ẹ bi í pé òfin wo ló rán an, kí ẹ sì gba rìsíìtì. Bí ọ̀rọ̀ bá sì ju ẹnì kan lọ, ẹ gbé e wá sípàdé. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Ọlọ́run yóò bá wa tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere. Ẹgbẹ́ wa kò ní tú o. Àmín.