Ọba Ghézo: ó fi epo pupa kún òwò ẹrú, kò fi rọ́pò rẹ̀

Tí wọ́n bá ní ká ka ọrọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà, dáyámọ́ńdì, góòlù àti epo rọ̀bì ló máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lẹ́nu. Àwa ará Pobè àti Sakété kò ní dáyámọ́ńdì, ọ̀pẹ la ní. Ṣùgbọ́n ẹ má fojú kéré ọ̀pẹ o! Ọ̀pẹ wà lára ohun tó jẹ́ kí àwọn Faransé la ojú irin wá dé Pobè, òun náà ló jẹ́ kí wọ́n dá ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ sílẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún 1922. Kí Faransé tó gba ilẹ̀ yìí, ọba kan ti wà tó rí i pé ọ̀pẹ lè gbé ìjọba ró. Ọba Ghézo ti Dàhòmì ni. Ìtàn rẹ̀ la fẹ́ sọ lónìí, torí ó kàn wá ju bí a ṣe rò lọ.

Ọmọ Ọba Agonglo ni Ghézo. Gakpé ni wọ́n ń pè é kó tó jọba. Lọ́dún 1818, ó gba ìtẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Adandozan. Ẹni tó ràn án lọ́wọ́ ni Francisco Félix de Souza, oníṣòwò ẹrú tó ti Brazil wá. Ghézo kò gbàgbé oore yẹn, ó fi oyè Chacha dá a lọ́lá ní Ouidah. Ẹ ò rí i pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni owó ẹrú ti wà nídìí ìtẹ́ náà.

Ní nǹkan bí ọdún 1823, Ghézo kọ̀, kò san ìṣákọ́lẹ̀ fún Ọ̀yọ́ mọ́. Agbára Ọ̀yọ́ ti ń tán nígbà yẹn, ọ̀nà sì ṣí fún Dàhòmì láti máa gbé ogun wọ ilẹ̀ Yorùbá. Ọba náà mú kí ẹgbẹ́ ọmọ ogun obìnrin pọ̀ sí i. Púpọ̀ nínú àwọn tí ọwọ́ ogun bá tẹ̀, Ouidah ni wọ́n ń kó wọn lọ, ibẹ̀ ni ọkọ̀ òkun ti ń gbé wọn.

Ibi tó ti kàn wá gan-an rèé. Lọ́dún 1848, ogun Dàhòmì ja Òkè-Òdàn. Òkè-Òdàn kò jìnnà sí wa, ààlà tí òyìnbó fà lẹ́yìn náà ló pín wa níyà. Ọmọbìnrin kékeré kan wà lára àwọn tí wọ́n kó. Lọ́dún 1850, Ghézo fi ọmọ náà ta Forbes, ọ̀gá ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan, lọ́rẹ. Òun ni gbogbo ayé wá mọ̀ sí Sarah Forbes Bonetta, tí Ọbabìnrin Victoria gbà tọ́jú. Òun ríbi yọ, àìmọye ni kò ríbi yọ. Lọ́dún 1851, Ghézo kọjú ogun sí Abẹ́òkúta, àwọn Ẹ̀gbá sì ṣẹ́gun rẹ̀.

Lásìkò yìí kan náà, nǹkan ti ń yí padà lọ́dọ̀ òyìnbó. Ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ wọn ń fẹ́ epo, ọṣẹ àti àbẹ́là náà ń fẹ́ epo. Lọ́dún 1841, Victor Régis, oníṣòwò ará Marseille, ṣí ibùdó òwò sí Ouidah, epo pupa ló sì ń wá. Ojú Ghézo là sí i kíákíá. Ó ka gígé ọ̀pẹ léèwọ̀, ó bu owó-orí lé epo, oko ọ̀pẹ sì gbilẹ̀. Síbẹ̀, ó jẹ́ kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì mọ̀ pé owó epo kò lè tó owó ẹrú. Ìgbà tí wọ́n fi ọkọ̀ ogun dí etíkun rẹ̀ ló tó tọwọ́ bọ̀wé, ní oṣù kìíní ọdún 1852, pé òun máa jáwọ́.

Kò tán síbẹ̀ o. Ta ló ń kọ ẹyìn lókè ọ̀pẹ? Ta ló ń gún un, ta ló ń ru epo lọ sí etíkun? Ẹrú ni ọ̀pọ̀ wọn. Àwọn tí wọn kò tà sókè òkun, inú oko ọ̀pẹ ni wọ́n kó wọn sí. Nígbà tí àyè tún ṣí ní 1857, Ghézo padà sídìí òwò ẹrú. Ó kú lọ́dún 1858, ọmọ rẹ̀ Glèlè sì gorí ìtẹ́.

Ohun tí a rí kọ́ nìyí: ọjà lè yí padà kí ìyà má yí padà. Ẹ wo dáyámọ́ńdì. Ní Sierra Leone, owó rẹ̀ ló wà lára ohun tí wọ́n fi ra ìbọn nínú ogun tó jà láti 1991 dé 2002. Ní Botswana, wọ́n rí dáyámọ́ńdì Orapa ní 1967, ọdún kan lẹ́yìn òmìnira. Ìjọba dúnàádúrà títí ó fi gba ìdajì ilé iṣẹ́ tó ń wà á, owó náà sì kọ́ ilé ìwé, ó la títì. Dáyámọ́ńdì kan náà ni, ọwọ́ tó dì í mú ló yàtọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pẹ tiwa: a ta epo, Marseille fi se ọṣẹ, ọṣẹ náà padà wá, a tún fowó rà á.

Ìkòkò tó ní ihò lára wà lára àmì tí wọ́n fi ń rántí Ghézo. Wọ́n ní tí gbogbo ọmọ ìlú bá fi ìka dí ihò wọ̀nyẹn, omi kò ní jò. Ní 2021, nígbà tí Faransé dá ohun ìṣẹ̀ǹbáyé 26 padà fún Bénin, ère Ghézo wà níbẹ̀, inú gbogbo wa sì dùn. Ṣebí ohun ìní wa ni. Ṣùgbọ́n àwa tí ogun rẹ̀ kó àwọn ará wa lọ ní Òkè-Òdàn ní ọ̀rọ̀ kan láti fi kún un. A ó fi ìka tiwa dí ihò ìkòkò náà. Kí ẹni tó gun ọ̀pẹ àti ìyá tó fún epo náà rí omi mu níbẹ̀.