François Arago: onímọ̀ ìmọ́lẹ̀ tó fọwọ́ sí òmìnira àwọn ẹrú

Bí oòrùn bá mú ní Kétu níbí, ẹ wo omi tí òjò dá sílẹ̀: kìkì dídán lẹ máa rí, ẹ ò ní rí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ dídán yìí wà lára ohun tó sọ François Arago di olókìkí.

Wọ́n bí i ní Estagel, ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, lọ́jọ́ 26 oṣù kejì ọdún 1786. Ojú rẹ̀ rí màbo léwe. Iṣẹ́ wíwọn ilẹ̀ ló gbé e lọ sí Sípéènì, ogun bá bẹ́ sílẹ̀, wọ́n ní amí ni, wọ́n tì í mọ́lé. Ó sá lọ sí Algiers, wọ́n tún mú un lójú òkun. Ọdún 1809 ló tó padà délé, ọdún náà ni Académie des sciences gbà á wọlé, ọmọ ọdún 23 péré!

Lọ́dún 1808, Malus ti ṣàkíyèsí ohun ìyanu kan nípa ìmọ́lẹ̀ tó ta lára gíláàsì. Okùn làwa olùkọ́ fi ń ṣàlàyé ẹ̀. Okùn lè mì sókè sódò, ó lè mì sọ́tùn-ún sósì. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ń mì sí gbogbo ọ̀nà pọ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ta lójú omi tó sì tàn padà, ọ̀nà kan ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ á máa mì sí. Àwọn òkúta kan sì wà tó dà bí ọgbà igi: ọ̀nà kan ṣoṣo ni wọ́n ń jẹ́ kó gbà kọjá.

Arago ṣe ẹ̀rọ kékeré kan tó ń fi irú ìmọ́lẹ̀ yìí hàn. Bí irin bá gbóná pọ́n yòò, tí a wò ó láti ẹ̀gbẹ́, àmì náà máa ń wà níbẹ̀. Iná gáàsì ò ní in. Ó wá kọjú ẹ̀rọ sí etí oòrùn: kò sí àmì kankan. Bó ṣe mọ̀ nìyẹn pé gáàsì ló wà lójú oòrùn, láìkúrò ní Páríìsì! Ó tún dá a lábàá pé káwọn atukọ̀ fi òkúta tourmaline pa dídán omi, kí wọ́n lè rí àpáta tó wà nísàlẹ̀ kí ọkọ̀ tó kọlù ú.

Lọ́dún 1848 ó di mínísítà tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ojú òkun àti àwọn ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso. Victor Schœlcher, tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀, ló múra òfin ọjọ́ 27 oṣù kẹrin sílẹ̀, èyí tó fòpin sí oko ẹrú láwọn ilẹ̀ yẹn. Ẹ̀yin ọmọ Alákétu, ṣebí ọ̀rọ̀ yìí kàn wá? Àmọ́ ká má parọ́, òfin náà ò dé Bùràsíìlì tí wọ́n ta àwọn èèyàn wa sí. Ibẹ̀ di 1888. Lọ́dún 1886 pàápàá, ogun Dànhọmẹ̀ ṣì fọ́ Kétu, wọ́n kó èèyàn lẹ́rú lọ.

Àìsàn ìtọ̀ ṣúgà bá Arago jà. Ọkùnrin tó wo ojú oòrùn yìí, ojú tirẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ tán kó tó kú ní Páríìsì, lọ́jọ́ 2 oṣù kẹwàá ọdún 1853.